Kìlómítà Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ síta kí Milandu lè fojú ara rẹ̀ kà á, Milandu rò pé ọmọ náà fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Brazzaville sí Addis Ababa, wákàtí mẹ́rin. Kéèyàn sun Addis mọ́jú. Addis Ababa sí Kinshasa, wákàtí mẹ́rin mìíràn.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé o mọ ibi tí Kinshasa wà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, bàbá."

"Níbo?"

Ọmọbìnrin náà nàka sí ojú wíńdò. Kò purọ́, nítorí láti ọ́fíìsì yẹn, béèyàn bá kàn gbójú sókè, á rí Kinshasa kedere ní òdìkejì odò: àwọn ilé gíga rẹ̀, èéfín rẹ̀, àní mọ́tò tó ń lọ lójú títì etí omi pàápàá.

"Ibi tó o nàka sí yẹn ni mò ń lọ," ni Milandu wí. "Ìwọ wá ní kí n gba Ethiopia lọ."

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo ti odò pa."

"Kìlómítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà láàárín pápákọ̀ òfuurufú tiwa àti tiwọn. Ẹnikẹ́ni kọ́ ló sọ fún mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sókè ilé gogoro tí wọ́n ti ń darí bàálù níbẹ̀ yẹn. Bàálù tó bá gbéra níbí, kó tó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè tán, ó ti dé ọ̀hún. O wá jókòó, ò ń ka ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kìlómítà àlọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀, sí mi létí."

"Ṣé kí n kọ orúkọ yín àbí kí n má kọ ọ́? Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn yín."

"Kọ ọ́," ni Milandu wí, ó sì fọwọ́ gbá tábìlì débi pé bírò ọmọ náà fò bọ́ sílẹ̀.

Ẹ má bi mí pé kí ló fa ìjà àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè méjèèjì, tiwa àti ti òdìkejì odò. Àwa tá à ń gbé etí odò náà ò mọ̀. Ohun tá a mọ̀ ni pé lọ́jọ́ Ajé wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi kankan ò gbọdọ̀ kọjá mọ́, wọ́n da ṣọ́jà sí èbúté, wọ́n ní apẹja tó bá fi ọkọ̀ rẹ̀ dán an wò, ìbọn ló máa dá a lóhùn. Àwọn tó pàṣẹ náà ò ní ìyá lódìkejì, wọn ò sì ní ọmọ níbẹ̀. Wọ́n ti odò pa bí ẹni ti ilẹ̀kùn yàrá ara wọn, wọ́n sì lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tì í, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ni ìpè kẹta wọlé sórí fóònù Milandu. Luzolo ló pè, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti kú.

Lọ́dọ̀ wa, ilé ìyá lèèyàn ń jẹ́. Bàbá lè bí ọmọ, kó bọ́ ọ, kó rán an lọ síléèwé, síbẹ̀ nókò ló ni ọmọ. Arákùnrin ìyá ni nókò. Bí inú nókò bá ń bí sí ọmọ arábìnrin rẹ̀, oyún kì í dúró nínú ọmọ náà. Gbogbo wa la gbà á gbọ́, àtẹni tó kàwé àtẹni tí kò kà. Kò sì sí oògùn rẹ̀ ju kí nókò fúnra rẹ̀ bu ẹmu sẹ́nu, kó fọ́n ọn sí ọmọ náà lórí, kó gbọ́wọ́ lé e, kó sì sọ pé, "N ò bínú sí ọ mọ́." Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára Luzolo. Ẹ̀kẹta yìí ti pé oṣù mẹ́sàn-án, àwọn dókítà sì ti ní iṣẹ́ abẹ làwọn máa fi gbé e jáde, ní Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé kí nókò òun gbọ́wọ́ lé òun lórí kí wọ́n tó gbé òun wọlé.

Kí ló wá bí Milandu nínú? Ẹmu ìdána ni. Ọmọ Luba ni Kabeya, ọkọ Luzolo, ilé bàbá sì làwọn Luba ń jẹ́. Lọ́jọ́ ìdána, àwọn ẹbí Kabeya gbé ìkòkò ẹmu àkọ́kọ́, wọ́n gbé e síwájú bàbá ìyàwó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé tiwọn, bẹ́ẹ̀ nókò ló ni ìkòkò àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa. Milandu wọ kóòtù jókòó níbẹ̀, ó ń wò wọ́n. Bàbá Luzolo gbà á, ó mu ún. Luzolo rí i, kò la ẹnu. Milandu bá dìde láì kí ẹnikẹ́ni, ó wọ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ padà sí Brazzaville, ó sì di ọdún mẹ́rin tí kò fẹsẹ̀ tẹ Kinshasa.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń pe nókò tó bá bínú. Tó bá dá ìpè àkọ́kọ́ lóhùn, wọ́n á ní ebi ẹran ló ń pa á. Tó bá dá èkejì lóhùn, wọ́n á ní kò mọ iyì ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló ń dìde sí. Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ bàbá Milandu, báyìí ni wọ́n ṣe bẹ bàbá ìyá rẹ̀, òun náà sì ti búra pé wọ́n á bẹ òun bẹ́ẹ̀. Luzolo kọ́kọ́ pè é lórí fóònù nígbà tí oyún náà pé oṣù márùn-ún. Ó gbọ́ ẹkún rẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́," ó pa fóònù. Lẹ́ẹ̀kejì, Luzolo wá fúnra rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí mò ń sọ yìí. Ó gbé ikùn rọ̀bọ̀tọ̀ yẹn wọ ọkọ̀ ojú omi, ó fi ogún ìṣẹ́jú kọjá, ó jókòó sí àgbàlá Milandu láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Milandu fún un ní kwanga, gbágùúdá tí wọ́n fi ewé dì sè, àti ẹja, ó bi í nípa ojú ọjọ́, ó bi í nípa iná mànàmáná Kinshasa. Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ tó gbé e wá. Ó sìn ín dé èbúté, ó sì juwọ́ sí i.

Filomena ìyàwó rẹ̀ ò tíì dárí ẹ̀ jì í. Nígbà tó dé láti ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì tó ń bú ìjọba, tó ń bú ọmọbìnrin náà, tó ń bú Ethiopia tí kò ṣẹ̀ ẹ́, obìnrin náà kàn ń fọ ewé gbágùúdá lọ ní tirẹ̀.

"Ìwọ lò ń bá wí," Filomena sọ níkẹyìn.

"Èmi kẹ̀?"

"Ó jókòó sórí àpótí yẹn. Ká ní o na apá báyìí, wàá kan orí ẹ̀. O wá ń bá mi ka kìlómítà."

"Ìpè kejì nìyẹn. O fẹ́ kí n sọ ara mi di ẹni yẹpẹrẹ lójú àwọn Luba?"

"Luba wo ló wà ní àgbàlá mi lọ́jọ́ náà? Ẹ̀yin méjì péré ni, èmi ṣìkẹta. Ta lò ń ṣe fọ́ńté fún?"

"Ẹ̀yin obìnrin ò mọ ohun tó ń jẹ́ nókò."

"Ẹ̀yin nókò náà ò mọ ohun tó ń jẹ́ oyún. Pè é lórí fóònù, kó o sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, kọ́mọ sùn lálẹ́ yìí."

"Ṣé fóònù ló máa fọ́n ẹmu sí i lórí?"

Filomena da omi ewé náà nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó dà á sí i lára. Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ Ọjọ́rú, báàgì kékeré kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ Milandu. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò fa ìgò kan yọ níbẹ̀, ó gbé e sókè.

"Kí nìyí, bàbá?"

"Ẹmu ni. Abúlé ìyá mi ni wọ́n ti dá a."

"Nǹkan olómi kì í wọ bàálù."

"Ọmọdé, ta lò ń sọ fún? Ibí ni mo ti ṣiṣẹ́ kí ìyá ẹ tó mọ bàbá ẹ. Èmi ni mo máa ń sọ fún bàálù pé kó balẹ̀ tàbí kó má balẹ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́ ìgbà yẹn, sà. Ẹmu wà ní Kinshasa," ọmọ náà sọ, ó sì ju ìgò náà sínú garawa ìdọ̀tí.

Milandu fi ìbínú já báàgì rẹ̀ gbà. Ó wọ bàálù, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ó de bẹ́líìtì, ó di apá mọ́ àyà. Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n gbéra. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí bàálù náà fi rọra yí apá sí ọ̀tún, àfi gbalaja, Kinshasa lábẹ́ wọn. Milandu rí odò, ó rí àwọn erékùṣù inú rẹ̀, ó rí òdìkejì, ó rí ojú títì ńlá tó lọ sí pápákọ̀ wọn, títí kan ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé. Ibẹ̀ ṣófo, kò sí ohun tó wà lórí rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́ inú bàálù, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí obìnrin kan fi sáré dé.

"Ṣé kò sí, bàbá?"

"Bá mi sọ fún awakọ̀ yín kó sọ̀ mí kalẹ̀. Ibi tí mò ń lọ nìyí."

Obìnrin náà wo ìsàlẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín.

"Mi ò bá ẹ ṣeré. Ẹ ti wà lókè ibẹ̀. Ẹsẹ̀ lẹ máa na sílẹ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ n bá yín bu omi wá."

Kò mu omi náà. Nígbà tó fi máa tún wo ìsàlẹ̀, igbó ló kù. Wákàtí mẹ́rin gbáko ló fi bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ikùn rẹ̀: ó bú àwọn aláṣẹ, ó bú Kabeya àti gbogbo ẹbí rẹ̀, ó bú bàbá Luzolo tó mu ẹmu tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó bú gbogbo ayé tán, ó ku ẹnì kan, kò sì bú onítọ̀hún.

Òtútù Addis bá a ní pápákọ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kó àwọn tó ń lọ síwájú lọ sí ilé kan tí wọ́n á sùn, wọ́n fún wọn ní búrẹ́dì pẹlẹbẹ kíkan kan àti ọbẹ̀ aláta. Kò tíì bu òkèlè kan tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Nókò," ni Luzolo wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ̀yìn ń ro mí láti ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n má dìde mọ́."

"Mo ti wà lọ́nà. Addis ni mo wà báyìí."

"Mo mọ̀. Màmá Filomena sọ fún mi. Nókò, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ lórí fóònù yìí. Ẹ kàn sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ẹmu."

Milandu rí ọ̀rọ̀ náà níwájú ara rẹ̀. Kò gùn. Àmọ́ ó tún rí ìkòkò ẹmu ọjọ́sí, ó rí bàbá tó ń mu ún, ó sì wò ó pé lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kìlómítà, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀gbin tó ti fojú rí, wọ́n tún fẹ́ kóun ṣe é ní ìdajì, bí ẹni sọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Mo fẹ́ kí ọkọ ẹ àti bàbá ẹ dúró níbẹ̀ kí wọ́n máa wò mí. Aago mọ́kànlá ọ̀la, mo ti balẹ̀. Aago méjì ni wọ́n pè é. Àkókò wà."

"Ó dáa, nókò," ni Luzolo wí, ìpè náà sì parí.

Bàálù náà balẹ̀ ní aago mọ́kànlá géérégé, kò yẹ̀. Ọ̀gá tó ń wo ìwé ìrìnnà wá dì í mú.

"Ọmọ Brazzaville ni yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"A ti tì yín síta."

"Láti Addis ni mo ti wọlé. Ó wà níwájú yín níbẹ̀."

"Kí lẹ lọ ṣe ní Addis?"

"Mo gba ibẹ̀ wá sí Kinshasa ni. Ṣé orí yín pé ṣá? Kí ni mo fẹ́ ṣe ní Addis?"

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pa mọ́ nìyẹn. Wọ́n ní kó lọ jókòó sí àga kan, ó sì jókòó fún wákàtí kan ó lé kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé rẹ̀. Takisí tó wọ̀ há sójú títì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó ní kí ọlọ́kadà dúró lẹ́ẹ̀kan kóun ra ẹmu sínú ike, kò sì tún jẹ́ kó dúró mọ́ níbikíbi. Nígbà tó wọ ilé ìwòsàn náà, aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Ó tún wo aago ọwọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Luzolo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ funfun, ètè rẹ̀ gbẹ. Ọmọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé.

"Ẹ kú àbọ̀, nókò."

Milandu dúró pẹ̀lú ike ẹmu lọ́wọ́. "Wọ́n ní aago méjì."

"Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní ìdájí. Wọn ò lè dúró de aago méjì."

"Ọkùnrin ni?"

"Obìnrin ni. Kabeya ti lọ ra oògùn."

Ó jókòó. Ó fẹ́ dúpẹ́, àmọ́ ìbínú ló kọ́kọ́ jáde. "Wọ́n gbé ẹ wọlé bẹ́ẹ̀? Láìsí ọwọ́ kankan lórí ẹ? Àwọn dókítà yìí ò gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀? Ife dà, bá mi wá ife, ká ṣe é nísinsìnyí. Ọmọ náà ṣì nílò ẹ̀."

"Wọ́n ti gbọ́wọ́ lé mi, nókò."

"Ta ni?"

"Ìyá àgbà kan tó ń gbálẹ̀ níbí. Mò ń sunkún nígbà tí wọ́n ń tì mí lọ. Ó bi mí pé ìdílé ìyá wo ni mí. Mo ní Mpanzu. Ó ní Mpanzu lòun náà. Wọ́n bu omi fún un, torí kò sí ẹmu."

"Kò lè ṣe é." Milandu ti dìde. "Ìyá tó ń gbálẹ̀. Nígbà tí nókò ọmọ bá wà láyé tí inú ń bí i, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ náà. Ó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Á mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò lórí ẹ lójú mi."

"Ó mọ̀ ọ́n. Ó bi mí." Luzolo ń wo òkè àjà, kò wò ó. "Ó ní, 'Ṣé o ní nókò láyé tó ń bínú sí ọ? Tó bá wà, mi ò lè fọwọ́ kàn ọ́.' Wọ́n ti tì mí dé ẹnu ọ̀nà nígbà yẹn. Mo sọ fún un pé nókò mi ti kú."

Milandu gbé ike ẹmu náà sílẹ̀.

"Mo bẹ̀ yín lálẹ́ àná," Luzolo sọ. Kò gbé ohùn sókè. "Inú ń bí mi sí yín, nókò, ó ń bí mi gan-an ni. Àmọ́ tó bá mọ̀ pé mo purọ́, ohun tó ṣe fún mi bàjẹ́ nìyẹn. Tèmi ò tó nǹkan. Ọmọ yìí ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí obìnrin kan fi gbé garawa wọlé, ìyá kúkúrú kan tó wé gèlè dúdú, tó ń mí gúlegúle. Ó gbé garawa kalẹ̀, ó wo ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín sí i, lẹ́yìn náà ló wá rí Milandu. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ojú Luzolo, ó tún wo ojú rẹ̀.

"Ta nìyí o, ọmọ mi? Ojú yín jọra."

Luzolo yí ojú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé láti òdìkejì odò lẹ ti wá ni?" ìyá náà bi Milandu.

"Wọ́n ti odò pa, màmá," ni Milandu wí. "Addis Ababa ni mo ti wá. Àlejò ni mí."

"Ẹ kú ìrìn. Ibẹ̀ mà jìnnà."

"Ó jìnnà."

Ìyá náà ní àlejò kì í wo ọmọ tuntun lóòró kó má gbé e. Ó gbé ọmọ náà fún un, ó fi orí rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ Milandu, ó ní kó rọra. Orí náà gbóná. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó sọ ọ́ láti ọdún mẹ́rin. Ìyá náà dúró tì í, ó ń wò ó. Milandu pa ẹnu dé, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà títí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.